Ọwọ́ Ara Mi Ni Mo Fi Sọ Ọmọ Mi Di Àtọ̀húnrìnwá

Ẹ má bá mi kẹ́dùn. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ tó kà á jìnnà, torí mo mọ̀ yín, ẹ̀yin òǹkàwé. Ẹ ó kà á dé ìdajì, ẹ ó mirí, ẹ ó ní, "Ó mà ṣe o!" Kò ṣe rárá. Ojú mi là kedere nígbà tí mò ń ṣe ohun tí mo ṣe. Ọtí ò pa mí, ẹnikẹ́ni ò sì fi ìbọn sí mi létí.

Akọ̀wé kánsù ni mí. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi jókòó sídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ìjọba, ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹni tó bá fẹ́ gbalẹ̀ kọ́lé, ọ̀dọ̀ mi ni yóò kọ́kọ́ yà. Mo ti rí ẹni ńlá tó ń wárìrì níwájú fèrèsé yẹn bí ọmọ tó fọ́ àwo. Kí n má parọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa díẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣubú. A ní ìwé ńlá kan tó wúwo ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ìwé tirẹ̀ nínú rẹ̀. Lókè pátápátá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la kọ síbẹ̀: Ìbílẹ̀, tàbí Àtọ̀húnrìnwá. Ohun tó bá wà lókè yẹn ló mú gbogbo orúkọ tó wà nísàlẹ̀, àtàgbà àtọmọ ọwọ́. Bí obìnrin bá lọ sílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni yóò kún fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n ṣí i kúrò lójú ìwé bàbá rẹ̀ wá sí tòun. Bí wọn ò bá tíì ṣí i, ojú ìwé bàbá rẹ̀ lòun àti ọmọ tó bá bí wà.

Òrùlé ọ́fíìsì wa ń jò, íńkì sì máa ń ṣí. Nítorí náà, lọ́dọọdún, a máa ń fi gègé tẹ̀ lé àwọn ọ̀rọ̀ tó bá ti ń parẹ́, ká lè tún máa rí wọn kà. Jíjí ìwé là ń pè é. Ká má baà fi àtẹ́lẹwọ́ pa íńkì tútù, páálí la fi ń bo ojú ìwé, ìlà tí a bá ń jí nìkan la ń ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá jí i yóò kọ lẹ́tà méjì orúkọ rẹ̀ sétí ìwé. Ó tán.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òfin tuntun jáde. Wọ́n ní àtọ̀húnrìnwá ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ kánsù mọ́, ọmọ wọn ò gbọdọ̀ gba àyè nílé ẹ̀kọ́ ìjọba, ẹni tó bá sì ń gbé ilé kánsù nínú wọn, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá wa obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá Òǹtẹ̀ nítorí pé òǹtẹ̀ kì í kúrò lápò rẹ̀, ló ka òfin náà sí wa létí.

Ó ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ṣé ó yé yín?"

A ní ó yé wa. Ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wa, àtọ̀húnrìnwá ni. Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ. Mo ní, "Ó dàbọ̀ o," mo ń bá oúnjẹ ọ̀sán mi lọ.

Ẹ wá gbọ́ nípa àna mi. Àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka omi nínú kánsù kan náà, Olómi ni gbogbo èèyàn ń pè é. Mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé, ara rẹ̀ sì yá mọ́ọ̀yàn. Nígbà tí àyè akọ̀wé àgbà ṣí sílẹ̀, àwa méjèèjì la forúkọ sílẹ̀. Wọ́n dán wa wò lórí kọ̀ǹpútà. Òun ló gba ipò kìíní. Èmi... ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, ó pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹ ó kàn máa yà lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án, n ó máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni, àna mi ò níkà nínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn bá mi délé, ó bá mi jókòó sídìí oúnjẹ.

Ìyàwó mi rí ojú mi. Ó ní, "Olówó orí mi, ẹ tújú ká. Àbúrò yín náà kọ́? Bó bá gorí àga yẹn, ṣebí ilé wa náà ló wà."

"Ilé wa wo? Ṣé ilé yín ni wọ́n bí mi sí ni?"

Ó bu omi fún mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí Olómi tó gorí àga, wọ́n gbé ìwé ńlá fún mi pé kí n jí orí àwọn ojú ìwé tí òjò bà jẹ́. Mò ń ṣe é lọ bí ìṣe mi, títí mo fi kan ti agbo ilé wọn. Òjò ti fọ orí rẹ̀ nù. Àbàwọ́n kan ló kù síbẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ti bá ikán lọ tipẹ́.

Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀ o! Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Bàbá bàbá wọn ló gbẹ́ kànga tí gbogbo àdúgbò ń pọn. Ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n, ìbílẹ̀ pọ́ńbélé. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì wa, ohun tí ìlú mọ̀ ò ju afẹ́fẹ́ lọ. Ohun tó wà nínú ìwé ló wà.

Ìyá Òǹtẹ̀ ń kọjá lọ. Ó dúró lẹ́yìn mi.

"Ojú ìwé ta nìyẹn?"

"Ti agbo ilé Olómi ni, mà."

Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Kò hàn."

"Kò hàn, mà."

"Ìwọ lo ní gègé lọ́wọ́," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò rán mi níṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó rán mi níṣẹ́.

Mo gbé gègé sókè. Mo gbé e kalẹ̀. Mo lọ tọ̀, mo padà dé. Ọkàn kan ń sọ fún mi pé, "Àna rẹ ni o. Àna kì í kéré." Ọkàn kejì ní, "Ẹ ó kàn máa yà lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án." Ẹ ó bi mí pé, ìyàwó rẹ ńkọ́? Mo rò ó! Mo ní ìyàwó mi ti wà lójú ìwé tèmi láti ogún ọdún, òun àtọmọ wa, kò kàn wọ́n. Ìyá ìyàwó mi ńkọ́? Mo ní ó ti dàgbà, kí ló fẹ́ fi iṣẹ́ kánsù ṣe? Mo wá àwáwí fún gbogbo wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì rí tirẹ̀ gbà.

Páálí bo ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà. Mi ò ṣí i wò.

Mo kọ Àtọ̀húnrìnwá. Mo kọ ọ́ dáadáa. Mo kọ lẹ́tà méjì orúkọ mi sétí rẹ̀, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè tètè gbẹ.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ọmọ mi gba lẹ́tà. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ẹlẹ́dàá fún wa, obìnrin, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Láti kékeré ló ti máa ń di aṣọ mọ́ ẹsẹ̀ adìẹ tó bá ń tiro, ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi ń pè é ní Nọ́ọ̀sì. Ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí ti ìjọba gbà á. Ogójì èèyàn péré ni wọ́n ń mú lọ́dún.

Ó kúnlẹ̀, ó gbé lẹ́tà náà lé mi lẹ́sẹ̀. "Dádì mi, ẹ kà á. Ẹ kà á sókè."

Ìyá rẹ̀ ti ń jó ní yàrá ìdáná kí n tó kà á dé àárín. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kó mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ dání lọ́jọ́ tó bá ń bọ̀.

"Ìyẹn dọwọ́ yín o," ó ní.

"Ìyẹn? Ìyẹn ò ju kí n nawọ́ lọ."

Olómi dé nírọ̀lẹ́, ó ra bàtà funfun fún un. Ìyàwó tirẹ̀ wà nínú oyún. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, tètè kọ́ṣẹ́ o, ìwọ lo máa gbẹ̀bí àwọn àbúrò ẹ." Ló bá yíjú sí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. A ò ní fẹkún gbẹ̀yìn ayọ̀ yìí."

Mo ní, "Àmín o." Ẹnu mi náà ló ṣe àmín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ka ojú ìwé àwọn àtọ̀húnrìnwá ní gbọ̀ngàn kánsù. Wọ́n ní kí gbogbo ìlú wá gbọ́. Ìlànà wa ni pé ẹni tó jí ojú ìwé ni yóò kà á sókè. Mo wọ aṣọ tuntun. Olómi wà níwájú láàrin àwọn òṣìṣẹ́, ìyàwó mi, ìyá rẹ̀ àti Nọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Mo ka ojú ìwé mẹ́rin. Ẹkún ti ń sọ lápá òsì. Mo ṣí ìkarùn-ún, mo sì kọ́kọ́ gbójú sókè wo àna mi, kí n lè rí bí ojú rẹ̀ yóò ṣe yí padà. Ohun tí mo múra wá wò nìyẹn.

Mo ka orúkọ agbo ilé wọn. Mo ní, "Àtọ̀húnrìnwá."

Ẹnì kan ní, "Àwọn wo?" Olómi rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ṣì í kà ni. Mo ń bá a lọ. Mo ka orúkọ bàbá ìyàwó mi tó ti kú. Mo ka ti ìyá ìyàwó mi. Mo ka ti Olómi, mo sì fa ìyẹn gùn díẹ̀. Ojú mi wá bọ́ sórí ìlà tó tẹ̀ lé e.

Orúkọ ìyàwó mi ni. Orúkọ ọmọ mi wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí fọ́ọ̀mù. Ọ̀sẹ̀ tí a ṣègbéyàwó ni mo kún un, mo ní n ó gbà á lóǹtẹ̀ lọ́la. Ó máa ń ti àwa akọ̀wé lójú láti tò sídìí fèrèsé ara wa. Lọ́la di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó di ogún ọdún. Mo ti ṣí ìyàwó onígbàjámọ̀, mo ti ṣí ìyàwó awakọ̀, mo ti ṣí ìyàwó mẹ́ta fún ọkùnrin kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan. Tèmi wà níbi tí bàbá rẹ̀ kọ ọ́ sí. Nígbà tó bímọ, òun ló gbé ọmọ lọ forúkọ sílẹ̀, akọ̀wé mìíràn ló sì kọ ọ́ sábẹ́ ìyá rẹ̀ bí òfin ṣe wí. Èmi akọ̀wé, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò rí.

Mo fo àwọn méjèèjì. Mo ka orúkọ ìyàwó Olómi tó tẹ̀ lé wọn. Ìka kan wá láti ẹ̀yìn mi, ó tẹ ojú ìwé mọ́lẹ̀. Ìyá Òǹtẹ̀ ni.

"O fo méjì," ó ní, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́. "Kà wọ́n."

"Mà, ó jọ pé..."

"Kà wọ́n, akọ̀wé."

Mo kà wọ́n. Mo pe ìyàwó mi ní àtọ̀húnrìnwá níwájú gbogbo ìlú. Mo pe orúkọ ọmọ mi. Ohùn mi ò jáde dáadáa, Ìyá Òǹtẹ̀ ní kí n tún un pè, mo sì tún un pè.

Láti ẹ̀yìn, mo gbọ́ ohùn ọmọ mi. "Dádì?"

Olómi ti dìde. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, àṣìṣe wà níbẹ̀. Bàbá bàbá wa ló gbẹ́ kànga àdúgbò yìí. Ta ló jí ojú ìwé yẹn?"

Ìyá Òǹtẹ̀ gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ka lẹ́tà méjì tó wà létí rẹ̀. Ó wò mí. "Àbí orúkọ rẹ kọ́ nìyí?"

"Orúkọ mi ni, mà."

Mo fẹ́ kí wọ́n pariwo. Mo fẹ́ kí wọ́n nà mí. Ìyá ìyàwó mi ló dìde lẹ́yìn, ó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn ń yà fún un. Ó dé iwájú mi, ó tẹ orúnkún ba.

"Àna mi," ó ní, "ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó sì jáde.

Ọ̀nà kan ṣì wà. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kánsù, gbogbo èèyàn ló kà á. Bí akọ̀wé tó jí ojú ìwé bá fọwọ́ sí i láàrin ọjọ́ méje pé òun ṣì í kọ, wọ́n ó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tó bá fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ parí lọ́jọ́ náà. Bí ọjọ́ méje bá kọjá, wọ́n ó lu òǹtẹ̀ pupa sí i, àtúnkọ kò sí mọ́ títí ayé.

Ìyàwó mi ò pariwo lé mi lórí. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ẹ ṣáà sọ fún mi pé ọwọ́ yín ló ṣì."

"Ọwọ́ mi ló ṣì."

"Ó dáa. Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlélógún kọ́ lèèyàn ń fi ọjọ́ kan jù nù."

"Ọmọ ọdún méjìdínlógún ńkọ́?"

Mo ní kó fún mi láyè kí n ronú. Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin máa ń sọ nìyẹn bó bá ti ronú tán.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Òǹtẹ̀ pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní, "Àga akọ̀wé àgbà ti ṣófo. Ta ló fẹ́ jókòó sí i bí kì í bá ṣe ìwọ?"

"Ìyàwó mi, mà. Ọmọ mi."

"Ìyàwó kún ìgboro. Àga bíi tèyí mélòó lo rí?"

Ó yẹ kí n bínú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Olómi wá. Kò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, kò sì dìde. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ ipò yẹn mọ́. Ẹ gbà á. Bí ẹ̀fẹ̀ tí mo ṣe lọ́jọ́sí ló dùn yín, ẹ foríjì mí, ẹnu mi ló yá. Nítorí Nọ́ọ̀sì, ẹ lọ fọwọ́ sí i. Mo máa bá yín wá iṣẹ́ mìíràn. Èmi fúnra mi ni n ó máa bọ́ yín, mo fi ìyá mi búra."

Ọmọkùnrin tí mo bà láyé jẹ́ ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi! Ẹ sọ fún mi, kí ló yẹ kó wá sí mi lọ́kàn? Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ó fẹ́ máa bọ́ mi. Inú bí mi. Mo ní kó dìde, kó máa lọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo rí ọgbọ́n kan dá. Ọgbọ́n akọ̀wé ni, ẹlòmíì ò lè ronú kàn án. A ní fọ́ọ̀mù kan fún ọmọ tí wọ́n rí he, ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá tọ́ ọ ló ń gbà á sójú ìwé tirẹ̀. Bí ìyàwó mi bá fọwọ́ sí i pé òun kọ́ ló bí Nọ́ọ̀sì, pé ẹnu ọ̀nà la ti rí i, ọmọ mi yóò wọ ojú ìwé mi. Yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí. Èmi náà yóò sì wà lórí àga mi.

Mo tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rọbí ọmọ yìí," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀." Ó mirí. "Ẹ mú bírò wá."

Ó fọwọ́ sí i. Ẹ gbọ́ mi yéké o: obìnrin náà fọwọ́ sí i. Nǹkan tí mi ò lè ṣe fún ọmọ mi, òun ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan, lórí irọ́ tí èmi kọ fún un.

Nọ́ọ̀sì wọlé ká wa mọ́bẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó kà á lórí ìdúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ìwé lásán ni, pé nínú ilé, ìyá rẹ̀ ṣì ni ìyá rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Dádì, èmi ni kí n di ọmọ tí kò níyàá, kí ẹ̀yin má baà di ẹni tí kò níṣẹ́?"

"Nítorí tìrẹ ni mo ṣe ń..."

"Mo ka ìwé ara ògiri kánsù. Ṣé fọ́ọ̀mù mìíràn ò sí tí ẹ̀yin náà lè fọwọ́ sí ni?"

Ó ti kà á. Ó mọ̀. Síbẹ̀ mo wo ojú ọmọ mi, mo ní, "Kò sí."

Ó ya fọ́ọ̀mù náà sí méjì, ó yà á sí mẹ́rin, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, wọ́n wọ yàrá lọ.

Lọ́jọ́ keje, mo kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ látòkè délẹ̀ pé mo ṣì í kọ, mo fọwọ́ sí i, mo ká a sápò àyà. Mo jókòó tì í láti àárọ̀. Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú díẹ̀, Ìyá Òǹtẹ̀ gbé òǹtẹ̀ pupa jáde, ó ṣí ìwé ńlá sí ojú ìwé wọn. Ó wo aago, ó wò mí.

"Ṣé o ní nǹkan fún mi?"

Mo fọwọ́ kan àpò. Lẹ́tà náà wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ tó ń dún lábẹ́ ìka mi. Mo wo ilẹ̀kùn ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà. Wọ́n ti gbé fáànù tuntun síbẹ̀.

"Rárá, mà."

Ó lu òǹtẹ̀.

Ilé kánsù ni à ń gbé, àtọ̀húnrìnwá ò sì gbọdọ̀ gbé ibẹ̀. Ẹrù ìyàwó mi ò pọ̀. Nígbà tó ń jáde, kò pè mí ní olówó orí rẹ̀. Ó ní, "Ó dàbọ̀, akọ̀wé," ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì gbé àpótí ìyá rẹ̀ lé orí. Bàtà funfun yẹn ló fi sílẹ̀ lábẹ́ àga. Ẹni tó gba àyè rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí, èmi ni mo fún un ní ìwé ọmọ ìbílẹ̀, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Olómi ń fi ọmọlanke ta omi. Bó bá pàdé mi lójú títì, ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀, ìyẹn ló sì ń pa mí jù.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ ìtàn yìí ní kí n fi ẹ̀kọ́ kan parí rẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ẹ̀kọ́ wo? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ ṣáájú mi pé ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bà. Mo mọ òwe yẹn lámọ̀dunjú kí n tó ju òkò. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní gègé lọ́wọ́, bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ lè kọ ọ́ pé ẹni yìí ni ọmọ ilé, ẹni yẹn lálejò, ẹ ṣí páálí. Ẹ wo ìsàlẹ̀. Bí ẹ ò bá sì rí orúkọ èèyàn yín kankan níbẹ̀, ẹ dákun, ẹ má kọ ọ́ náà. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wa níyàá, ó ní ọmọ, mi ò sì bi í rí.

Lóṣù tó kọjá, ara akọ̀wé tó ń jókòó sí fèrèsé ò yá, èmi akọ̀wé àgbà ni mo bọ́ síbẹ̀ fún un. Mo ń lu òǹtẹ̀ láìgbójú sókè. Mo gbọ́ ohùn kan.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ó ti rù. Ó di gèlè ìyá rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì," mo ní.

"Ìwé àtọ̀húnrìnwá ni mo wá gbà, sà. Mo ríṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n ní mi ò lè kọjá láìmú un dání."

"Iṣẹ́ wo?"

"Aṣọ fífọ̀, nílé ìwòsàn kan. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì."

Mo mú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó ti kún gbogbo rẹ̀, kò ku ibì kan tí mo lè bi í léèrè. Mo ń wá ohun tí n ó sọ. "Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà, sà."

"Ṣé o ti jẹun? Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

Ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò bínú. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó bínú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "àwọn èèyàn wà lẹ́yìn mi."

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Òótọ́ ni, ìlà gùn dé ẹnu ọ̀nà. Mo lu òǹtẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà, ó dúpẹ́, ó lọ.

Mo ní, "Ẹni tó kàn."